Fìlà Anselmo àti Òkè Márùn-ún

Polẹ́ńtà, oúnjẹ àgbàdo ilẹ̀ wa, ti ń hó lórí iná nílé Màmá Irma ní Gressoney, abúlé wa láàárín òkè ní Ítálì, kí Ettore tó kan ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Kò tíì bọ́ bàtà tí ìyá rẹ̀ fi dì mọ́ ọn.

"O ti rù," ni ìyá wí.

"Mi ò rù, Màmá. Mo tiẹ̀ sanra sí i."

"Ta ló bi ọ́? Mo ní o ti rù. Jókòó kí o jẹun."

Delfina, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ń rẹ́rìn-ín níbi tó ti ń gé wàràkàṣì. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe wàràkàṣì náà. Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́ lórí pápá òkè ló ti ń gbé lókè pẹ̀lú àwọn màlúù ìdílé wọn, kì í sì í sọ̀ kalẹ̀ wálé àfi tó bá ní nǹkan gidi tó fẹ́ ṣe. Ettore ní tirẹ̀ ti kúrò ní àfonífojì wa tipẹ́tipẹ́. Èbúté Genoa ló wà, létí òkun, ó ń wa kireni tí wọ́n fi ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi.

Fìlà bàbá wọn ṣì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, fìlà aláwọ̀ eérú tí ìyẹ́ ẹyẹ kan wà létí rẹ̀. Ettore rí i, ó yára gbójú kúrò.

Anselmo, bàbá wọn, jẹ́ amọ̀nà orí òkè, ẹni tó ń kó àwọn àlejò gun Monte Rosa tó sì ń kó wọn bọ̀ láyọ̀. Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún yẹn ló kú, lórí ibùsùn ara rẹ̀. Wọ́n ti tẹ Ettore láago pé kó máa bọ̀. Ó ní kí òun parí iṣẹ́ ọjọ́ kan péré. Ìgbà tó fi dé, bàbá rẹ̀ ti kú, wọ́n ti ká ọwọ́ rẹ̀ lé e láyà. Kò sí ẹni tó bá a wí, àfi òun fúnra rẹ̀, kò sì tíì dákẹ́ láti ìgbà náà.

Ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn ọdọọdún, Anselmo a dé fìlà yẹn, a gun ṣóńṣó òkè márùn-ún tó wà lókè abúlé wa láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan: Vincent, Balmenhorn, Corno Nero, Ludwigshöhe àti Parrot. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a bu ẹnu kan nínú ọtí tó fi ewé orí àpáta rẹ, a ṣí fìlà, a kọjú sí ilé rẹ̀ nísàlẹ̀, a kí ìyàwó rẹ̀. Màmá Irma a jáde sí ojúde, a fi aṣọ ìnura juwọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kankan kò lè rí ẹnì kejì láti ibi tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Báyìí tí kò sí mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti pinnu pé àwọn yóò gbé fìlà náà yí òkè márààrún ká.

Wọn kò tíì jẹun tán tí Ottilia fi wọlé. Amọ̀nà ni òun náà. Anselmo ló kọ́ ọ níṣẹ́, Anselmo yìí kan náà ló sì kọ́ Delfina àti Ettore bí wọ́n ṣe ń rìn lórí yìnyín nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

"Ettore, kú ilé o. Ìgbà wo lo sùn sórí òkè kẹ́yìn?"

"Àjà kẹrin ni mò ń sùn ní Genoa, Àǹtí Ottilia."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ottilia náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mi ò bá ọ ṣeré. Bó o bá gbà mí gbọ́, a ó rìn gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́la, a ó sùn sọ́dọ̀ màlúù Delfina. A ó sún sókè díẹ̀ lọ́tùnla. Tí ara rẹ bá ti mọ ibẹ̀, a ó wá gun òkè."

"Iṣẹ́ ń dúró dè mí lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ méjì ni bàbá wa fi ń gùn ún. Àbí ọmọ ta ni mo jẹ́?"

"Ọmọ Anselmo ni ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró rẹ ti di ti Genoa."

"Ẹ̀jẹ̀ Gressoney ló wà lára mi! Ẹ ti gbọ́ ọ rí pé òkè mú ọmọ ibí?"

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ ní àfonífojì yìí. Tí àlejò láti ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀ bá ń bì níbi tí ọkọ̀ orí wáyà ti ń já èèyàn sílẹ̀, a ó wojú ara wa, a ó ní òkè ti mú un, a ó sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ bíi pé ọ̀tọ̀ ni èròjà tí Ọlọ́run fi dá tiwa. Delfina pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Orí kò fọ́ òun lókè rí, kò sì ronú sí ohun tó fà á.

Ottilia wo ojú ọmọkùnrin náà títí. Ó mọ ohun tó ń lé e. Níkẹyìn, ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà. Okùn kan ni a ó so mọ́ra lórí yìnyín. Tí orí bá fọ́ ẹnikẹ́ni, tí inú ru ú, tí òòyì kọ́ ọ, kó sọ fún mi lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀fọ́rí ẹnì kan nínú okùn, ẹ̀fọ́rí gbogbo wa ni."

"Mo gbà," ni Ettore wí.

Màmá Irma gbé ìgò pẹlẹbẹ kan jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tó kù nínú ọtí ewé tí ọkọ rẹ̀ rẹ kẹ́yìn ló wà nínú rẹ̀. Ó nù ún lára aṣọ ìdáná rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ́.

"Ẹnu kọ̀ọ̀kan lórí òkè kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe ń ṣe é," ni ó wí. "Kí ẹ sì kí mi láti òkè. Mà á dúró ní ojúde."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọkọ̀ orí wáyà gbé wọn láti àárín igi àti koríko lọ sí ibi tí kò sí nǹkan mọ́ bí kò ṣe òkúta àti yìnyín. Ettore sọ fún Delfina pé ibi tí òun bá jókòó sí nínú kireni ga ju ilé ìjọsìn lọ, pé gíga kò já mọ́ nǹkan kan lójú òun. Ó rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wọ́n gun Vincent. Ettore dé fìlà bàbá rẹ̀, ó bu ẹnu kan nínú ọtí náà, ó ṣí fìlà, ó kígbe: "Màmá!" Omi bọ́ lójú Delfina, ó sì fi ìbọ̀wọ́ nù ún. Wọ́n gun Balmenhorn, wọ́n ṣe bákan náà.

Ọ̀sán kò tíì rọ̀ tí wọ́n fi dé ilé ìsinmi orí òkè níbi tí wọn yóò sùn. Wọ́n gbé ọbẹ̀ gbígbóná síwájú wọn. Ottilia jáde lọ wo ojú ọ̀run. Ettore ń fi ṣíbí ro ọbẹ̀ náà, kò gbé e dẹ́nu.

"Ṣé kò dùn ni?" ni Delfina bi í.

"Ebi kò pa mí."

"Ìwọ? Ebi kò pa ìwọ?"

Ettore wo ẹnu ọ̀nà, ó yọ òògùn ẹ̀fọ́rí méjì látinú àpò, ó dà wọ́n sẹ́nu.

"Má sọ fún Àǹtí Ottilia o. Oòrùn ló fà á. Tó bá gbọ́, yóò dá wa padà."

"Ettore, a ti ṣe àdéhùn."

"Ẹ̀fọ́rí lásán ni, kò tó nǹkan." Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. "Mi ò bá bàbá láàyè, Delfina. Wọ́n dúró dè mí, mi ò dé. Jẹ́ kí n gbé fìlà yìí dé ibi tí wọ́n máa ń gbé e dé. Nítorí Ọlọ́run."

Ọkàn Delfina yọ́. Ó fa ọbẹ̀ àbúrò rẹ̀ mọ́ra, ó jẹ ẹ́ tán kí Ottilia tó wọlé, kí abọ́ náà lè ṣófo. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìfẹ́ náà pa á.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ettore ní òun sùn dáadáa. Irọ́ ni. Ó lo òògùn mìíràn. Wọ́n so okùn mọ́ra, wọ́n dorí kọ Corno Nero, òkè kẹta. Ottilia ló ṣíwájú, Ettore wà láàárín, Delfina ló kẹ́yìn.

Ẹni tó kẹ́yìn nínú okùn kì í rí ojú ẹnikẹ́ni, ipasẹ̀ ló ń wò. Ipasẹ̀ Ottilia lọ tààrà. Ti Ettore kọ́kọ́ ń bá a lọ. Nígbà tó yá, Delfina rí i pé wọ́n ń yà sọ́tùn-ún, wọ́n ń yà sósì, ẹsẹ̀ kan ń gorí èkejì. Ó rí ìbọ̀wọ́ kan nílẹ̀, ó ṣà á. Ti Ettore ni. Ọwọ́ rẹ̀ wà lóde nínú òtútù yẹn, kò sì mọ̀.

"Ettore, ìbọ̀wọ́ rẹ bọ́."

"Fi mí sílẹ̀!" ni ó fi jágbe mọ́ ọn, ní ohùn tí kò fi bá a sọ̀rọ̀ rí.

Wọ́n tún rìn díẹ̀. Lójijì ni Ettore dúró, ó yíjú padà, ó ń wo Delfina bí ọmọ kékeré tó sọnù lọ́jà.

"Màmá," ni ó wí, "níbo ni fìlà bàbá wà? A ti gbàgbé rẹ̀ sílé. Ẹ jẹ́ ká padà lọ mú un."

Fìlà náà wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀rù tó ba Delfina kò ṣeé fẹnu sọ. Ó wá ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́ wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé: ó jókòó sínú yìnyín, ó gún àáké tí wọ́n fi ń gun yìnyín, tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mọ́lẹ̀. Tí ẹnì kan bá jókòó nínú okùn, kò sí ẹni tó lè lọ mọ́. Okùn le, ó fa Ettore, ó fa Ottilia.

"Kí ló dé?" ni Ottilia pariwo.

"Orí ń fọ́ Ettore láti àná! Ó ń lo òògùn! Mo mọ̀, mo sì dákẹ́! Ẹ dárí jì mí, Àǹtí Ottilia, kò mọ ibi tó wà mọ́!"

Ottilia kò bínú, kò sì fi àkókò ṣòfò. Ó padà wá, ó fa ìlà gbọọrọ kan sínú yìnyín.

"Ettore, ọmọ mi, rìn lórí ìlà yìí fún mi. Kí gìgísẹ̀ kan máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì."

Ettore gbìyànjú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó wó lé Ottilia láyà. Ottilia gbá a mọ́ra.

"Ó tó. A ń lọ sílé."

"Mẹ́ta ló kù," ni Ettore ń sọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mẹ́ta péré ló kù."

"Òkè ò lọ síbì kan. Ìwọ ni mi ò fẹ́ kó lọ."

Ottilia gbé fóònù, ó pe àwọn agbẹ̀mílà. Wọ́n ní ìkùukùu ti bo àfonífojì, hẹlikọ́pítà kò tíì lè gbéra, kí wọ́n má ṣe jókòó dè wọ́n, kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Wọ́n yí okùn padà. Delfina ṣíwájú, Ettore wà láàárín, Ottilia kẹ́yìn, ó di okùn mú gírígírí kí ọmọkùnrin náà má bàa ṣubú. Delfina ń bá a sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Ó ń ka orúkọ àwọn màlúù fún un, èyí tó ń tàpá, èyí tó ń jí oúnjẹ jẹ, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ ìyàwó olórí abúlé tí obìnrin náà kò sì mọ̀. Nígbà tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ jìnnà díẹ̀, ó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ìyàwó olórí abúlé ò tíì mọ̀ di ìsinsìnyí?"

Delfina bú sẹ́kún, ó sì ń rìn lọ.

Ní ilé ìsinmi, wọ́n fi afẹ́fẹ́ inú ìgò sí Ettore nímú. Ìkùukùu là, hẹlikọ́pítà sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ṣàlàyé fún Delfina pé ọpọlọ àbúrò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí wú. Tí wọ́n bá ti ń bá a lọ sókè ni, ó ṣeé ṣe kó sùn lójú ọ̀nà kó má jí mọ́.

"Òògùn tó ń lò ńkọ́?" ni Delfina bi í.

"Òògùn ẹ̀fọ́rí kì í wo àìsàn òkè. Ó kàn lè mú kí ẹ má tètè gbọ́ ohun tí ara ń sọ. Ọtí tún ń ba mímí jẹ́, ní pàtàkì téèyàn bá fẹ́ sùn. Sísọ̀ tí ẹ tètè sọ̀ kalẹ̀ ló gbà á là."

Nígbà tí wọ́n dá Ettore sílẹ̀, kò sáré padà sí Genoa. Ó jókòó sí ìdí tábìlì ìyá rẹ̀, ó ń jẹ polẹ́ńtà bí ẹni tí kò jẹun rí. Ottilia wà níbẹ̀. Ojú ń ti Ettore, kò lè gbé orí sókè.

"Bàbá ń gun márààrún ní ọjọ́ méjì," ni ó wí níkẹyìn. "Èmi ò lè gun mẹ́ta."

Ottilia gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ kalẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé ọjọ́ méjì ni?"

"Gbogbo ìlú."

"Gbogbo ìlú ń ka ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn. Ta ló ń ka gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣíwájú rẹ̀? Tí yìnyín bá ti yọ́, bàbá yín ti wà lókè pẹ̀lú màlúù. Ó ń sùn níbẹ̀, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń kọ́ bí yóò ṣe máa fi díẹ̀ náà gbé ayé, díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orí kò fi fọ́ Delfina. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ara tó ti mọ́ ọn ni. Ìwọ, ọjọ́ Jímọ̀ lo kúrò létí òkun, ọ̀sán Sátidé o ti wà lórí òkè méjì."

"Ọdún tí ẹsẹ̀ dùn ún ńkọ́?" ni Màmá Irma dá sí i. "Sọ ọ́ fún wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún kan, ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lọ sí pápá. Ó ní òun ṣì fẹ́ gun òkè márùn-ún. Mo wà nínú okùn náà. A ò tíì dé òkè kejì tó fi dúró, ó ní, 'Ottilia, orí ń fọ́ mi, jẹ́ ká padà.' Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nídìí tábìlì yìí ló jókòó sí."

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa?" ni Delfina bèèrè.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó," ni ìyá wọn wí. "Ìtàn ọjọ́ méjì àti ìtàn ẹ̀fọ́rí, èwo ló dùn-ún sọ fún àlejò nínú méjèèjì?"

Ó dìde, ó mú fìlà ọkọ rẹ̀ lórí tábìlì, ó gbé e kọ́ ìṣó. Lẹ́yìn náà ló di orí Ettore mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"Gbọ́ mi. Bàbá rẹ kò bínú sí ọ nígbà tó ń lọ. Ó ní, 'Tí Ettore bá dé, ẹ fún un lóúnjẹ.' Ohun tó sọ nìyẹn. Kò sọ nǹkan kan nípa òkè."

Ettore gbé orí lé ìyá rẹ̀ láyà, ó sun ẹkún tó yẹ kó ti sun láti ìgbà òtútù.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ó gba ìsinmi gígùn níbi iṣẹ́. Kò wọ ọkọ̀ orí wáyà. Ó fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé àwọn màlúù lọ sí pápá, ó ń sùn lórí koríko gbígbẹ, ó ń fún wàrà títí ọwọ́ fi ń ro ó. Orí fọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Ó sọ fún Delfina lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì jókòó jẹ́ẹ́ níbi tí wọ́n wà títí ó fi lọ. Nígbà tó yá, òun, Delfina àti Ottilia so okùn mọ́ra, wọ́n gun mẹ́ta tó kù. Wọn kò gbé ọtí dání. Wọ́n fi ìgò náà sílẹ̀ fún Màmá Irma, kí gbogbo wọn lè jọ mu ún nígbà tí wọ́n bá délé.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gun òkè gíga, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gun púpọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀: ẹ lọ́ra. Ọkọ̀ lè yára gbé yín gòkè, ara kò lè yára bẹ́ẹ̀. Ẹ fi oru kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sùn sí agbedeméjì kí ẹ tó sùn sókè pátápátá. Ibi tí wọ́n bí yín sí kò ní kí òkè má mú yín, agbára yín kò sì ní kó má mú yín. Tí orí bá ń fọ́ yín, tí oúnjẹ kò wọlé, tí èébì ń gbé yín, tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ má ṣe gun òkè sí i títí yóò fi lọ. Tí kò bá lọ, tàbí tó ń le sí i, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má fi òògùn ẹ̀fọ́rí bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹ sì máa lọ. Ẹ fi ọtí sílẹ̀ títí ẹ ó fi padà. Bí ẹnì kan bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tó ń mí gúlegúle nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ pe agbẹ̀mílà, kí ẹ sì mú un sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dá lọ.

Tí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá sì bẹ̀ yín pé kí ẹ má sọ, ẹ sọ. Ẹ jókòó sínú yìnyín bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Fìlà Anselmo ṣì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Tí Ettore bá dé láti Genoa, a máa gbé fìlà tirẹ̀ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti bàbá rẹ̀.